Ìdí tí ìbẹ̀rù fi ń tètè lọ lára ẹnì kan tí ó sì ń pẹ́ lára ẹlòmíràn

Bí bọ́ọ̀sì kan bá dojú dé lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láàárín Ṣágámù àti Ògèrè, tí gbogbo èrò inú rẹ̀ sì jáde láàyè, kì í pẹ́ tí ọ̀nà wọn fi máa ń yà. Ẹnì kan á ti padà sẹ́nu òwò rẹ̀ kí oṣù tó parí, á sì máa wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn á ṣì máa wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ní í kúrò lára àga iwájú rẹ̀ nígbàkúùgbà tí táńkà epo bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹnì kẹta kò ní í lè wọ ọkọ̀ mọ́ rárá. Bí ó bá jókòó sínú ilé ara rẹ̀ ní Ìpẹru tí ó gbọ́ fèrè táńkà láti òkèèrè, àyà rẹ̀ á máa já, òógùn á bò ó, á sì máa wá ibi tí yóò sá sí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í pé, "Ṣé ìwọ nìkan ni ìjàǹbá ọkọ̀ ṣẹlẹ̀ sí ni? Kí ló dé tí o kò gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí?"

Ìbéèrè yìí máa ń dun ẹni tí a bi, nítorí pé ẹ̀sùn wà nínú rẹ̀: bí ẹni pé ọ̀lẹ ni, tàbí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó, tàbí pé ó ń fi ìpayà náà wá ojú àánú. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ẹ̀sùn kúrò, ìbéèrè tòótọ́ ni, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ àti ìhùwàsí ẹ̀dá ti ń wá ìdáhùn rẹ̀. Ohun tí wọ́n ti rí ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, pàápàá kókó kan tí ó máa ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú: ẹni tí ìbẹ̀rù fi sílẹ̀ kò gbàgbé ohunkóhun. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ kejì lé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ lórí ni, ẹ̀kọ́ kejì yìí ni àwa ènìyàn kì í sì í kọ́ bákan náà.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀. Àníyàn fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC lọ́la, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì dé láti ilé ìwé tí ilẹ̀ sì ti ṣú, ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú ọba àti ìjòyè, gbogbo wọn ni ọkàn wọn kò ní í balẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara ń múra sílẹ̀ ni. Ó di àìsàn nígbà tí ìbẹ̀rù náà bá ju ohun tí ó fà á lọ, tí ó bá ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí ó sì dí ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́, oorun, ilé ìwé tàbí àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn. Oríṣiríṣi ni: ìbẹ̀rù ohun kan pàtó bí ejò tàbí ibi gíga, ìpayà òjijì tí ó máa ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé òun ń kú lọ, ìbẹ̀rù ojú àwọn ènìyàn, àti àníyàn lórí gbogbo nǹkan tí kì í sinmi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2019, àwọn tí ó ní irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé tó mílíọ̀nù 301, obìnrin sì pọ̀ ju ọkùnrin lọ nínú wọn. Nínú ẹni mẹ́rin tí ó nílò ìtọ́jú, bí ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń rí i gbà. Ìpayà tí ó máa ń tẹ̀ lé ìjàǹbá ńlá, irú èyí tí ó bá ẹnì kẹta inú bọ́ọ̀sì náà, ni ìwé ìlànà àwọn oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ti yà sí ìsọ̀rí tirẹ̀ láti ọdún 2013, ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà ni a fi ń tọpa bí ìbẹ̀rù ti ń wọlé àti bí ó ti ń dúró nínú gbogbo wọn.

Ìpìlẹ̀ ìwádìí náà ni iṣẹ́ Ivan Pavlov ní Rọ́ṣíà, ẹni tí ó fi hàn pé bí ìró kan bá ń ṣáájú oúnjẹ ní gbogbo ìgbà, kò ní í pẹ́ tí itọ́ ajá á fi máa dà bí ó bá ti gbọ́ ìró náà, kódà bí oúnjẹ kò bá sí níbẹ̀. Pavlov fúnra rẹ̀ kíyè sí i pé àwọn ajá rẹ̀ kò rí bákan náà: àwọn kan ń tètè kọ́, àwọn kan ń pẹ́, ara àwọn kan kò sì gba ìdààmú rárá. Ní ọdún 1920, John Watson àti Rosalie Rayner ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ náà dé orí ìbẹ̀rù. Wọ́n fi eku funfun han ọmọ ọwọ́ kan tí kò bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì ń fi òòlù lu irin lẹ́yìn orí rẹ̀ bí ó bá ti fẹ́ fọwọ́ kan eku náà. Láìpẹ́, ẹkún ni ọmọ náà ń sun bí ó bá ti rí eku, lẹ́yìn náà ó tún ń bẹ̀rù ehoro àti ajá àti aṣọ onírun. Ìwà ìkà ni lójú tèmi, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ tí yóò gba irú rẹ̀ láyè lónìí. Wọn kò tilẹ̀ tú ìbẹ̀rù náà kúrò lára ọmọ náà kí wọ́n tó jẹ́ kí ó lọ. Mary Cover Jones ni ó ṣe èyí tí ó wo ènìyàn sàn. Nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1924, ó sọ bí òun ti ń fún ọmọkùnrin kan tí ó ń bẹ̀rù ehoro ní oúnjẹ tí ó fẹ́ràn, bí a ti ń gbé ehoro náà sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí ọmọ náà fi ń fọwọ́ pa á lára.

Kò di ìgbà tí nǹkan bá ṣe ènìyàn gan-an kí ó tó kọ́ ìbẹ̀rù. Susan Mineka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn láàárín ọdún 1980 sí 1990 pé àwọn ọ̀bọ tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé ìwádìí kò bẹ̀rù ejò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wo ọ̀bọ mìíràn tí ìpayà bá nítorí ejò, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù rẹ̀. Fún àwa ènìyàn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tó. Àìmọye ọmọbìnrin ni a bí sí Ìjẹ̀bú tí kò fojú kan Agẹmọ rí, nítorí pé obìnrin kì í wò ó, síbẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé Agẹmọ ń bọ̀, ara wọn ti mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Nínú ọpọlọ, apá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní amygdala ni ó ń so àmì pọ̀ mọ́ ewu. Hippocampus tí ó wà nítòsí rẹ̀ ń pa ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ mọ́, apá ọpọlọ tí ó wà lẹ́yìn iwájú orí sì ń dá amygdala lẹ́kun nígbà tí ewu bá ti kọjá. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ibì kan ṣoṣo ni "ilé ìbẹ̀rù". Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí àìsàn ti ba amygdala rẹ̀ jẹ́ lápá méjèèjì, tí kì í bẹ̀rù ejò tàbí aláǹtakùn. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní kí ó fa afẹ́fẹ́ tí carbon dioxide pọ̀ nínú rẹ̀ símú, ìpayà ńlá bá a. Ọdún 2013 ni ìròyìn náà jáde.

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo. Bí ajá Pavlov bá ń gbọ́ ìró náà léraléra tí oúnjẹ kò sì tẹ̀ lé e mọ́, itọ́ rẹ̀ á dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó bá rí i á sọ pé ajá náà ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó tún jẹ́ kí ó gbọ́ ìró náà, itọ́ á tún dà. Ohun tí ó ti parẹ́ kì í padà bẹ́ẹ̀. Mark Bouton, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí eku, ó sì fi hàn pé ibi tí a ti kọ́ ẹ̀kọ́ ṣe pàtàkì: eku tí ó kọ́ ìbẹ̀rù nínú àpótí kan, tí a sì tú ìbẹ̀rù náà kúrò lára rẹ̀ nínú àpótí mìíràn, á tún máa bẹ̀rù bí a bá dá a padà sínú àpótí àkọ́kọ́. Ìrántí méjì ni ó wà lára rẹ̀, ọ̀kan ń sọ pé ewu ni, èkejì ń sọ pé kò séwu mọ́, àwọn méjèèjì sì ń du ipò mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìrántí ewu máa ń bá ni lọ sí ibi gbogbo. Ìrántí ìfọ̀kànbalẹ̀ a máa rọ̀ mọ́ ibi tí a ti kọ́ ọ.

Ẹ wo ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan tí ẹṣin fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Ojúde Ọba nígbà tí ìbọn dún, tí ó sì ṣubú láàárín èrò. Àwọn òbí rẹ̀ ń gbé Èkó. Wọ́n ń mú un lọ sí etí òkun níbi tí wọ́n ti ń gbé àwọn ọmọdé gun ẹṣin, títí òun náà fi ń gùn ún tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n padà wálé fún ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ìdílé Balógun gun ẹṣin wọlé, ìbọn dún, ọmọ náà sì bú sẹ́kún, ó di ìyá rẹ̀ mú. Àwọn òbí rẹ̀ á rò pé gbogbo làálàá wọn ti já sí asán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ti sàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n Èkó ni ó ti sàn, a kò sì tíì kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kejì náà ní Ìjẹ̀bú-Òde, pẹ̀lú ìbọn àti èrò.

Níbo wá ni ìyàtọ̀ láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì wà? Ọ̀pọ̀ nínú wa á rò pé ẹni tí ó ní àìsàn yìí ni ó máa ń tètè kọ́ ìbẹ̀rù. Ìwádìí kò fi gbogbo ara ti èrò yìí lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi àwòrán méjì han ènìyàn lórí kọ̀ǹpútà. Iná mànàmáná kékeré tí ó ń ta ọwọ́ á máa tẹ̀ lé ọ̀kan, ohunkóhun kò ní í tẹ̀ lé èkejì, wọ́n á sì máa wọn bí ọwọ́ ẹni náà ti ń làágùn. Nígbà tí àwọn olùwádìí kó ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ ní ọdún 2015, wọ́n rí i pé bí ẹ̀kọ́ náà ti ń lọ lọ́wọ́, orí àwòrán kejì, èyí tí kò léwu, ni ìyàtọ̀ ti hàn láàárín àwọn tí ó ní àìsàn àìbalẹ̀ ọkàn àti àwọn tí kò ní in. Ara àwọn aláìsàn ń fèsì sí i bí ẹni pé òun náà lè tani. Nígbà tí iná sì ti dáwọ́ dúró, ìbẹ̀rù wọn fún àwòrán àkọ́kọ́ ń pẹ́ kí ó tó wálẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí pé ó yí ìbéèrè àwọn ẹ̀gbọ́n yẹn padà. Kì í ṣe pé ẹnì kẹta inú bọ́ọ̀sì mọ ewu ju àwọn yòókù lọ. Mímọ ibi tí ewu parí sí ni ó nira fún un.

Ọ̀nà kejì tí a fi yàtọ̀ ni bí ìbẹ̀rù ti ń tàn dé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kí ilé ìwádìí tó dé: ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, á sá. Shmuel Lissek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya òbìrípo tí títóbi wọn kò dọ́gba, wọ́n sì jẹ́ kí iná máa tẹ̀ lé ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn. Bí òbìrípo bá ti ń yàtọ̀ sí èyí tí ó léwu, ìbẹ̀rù àwọn tí ara wọn le máa ń já wálẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2010, ti àwọn tí ó ní àìsàn ìpayà òjijì ń tàn jìnnà kí ó tó rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni fèrè táńkà ṣe di fèrè ọkọ̀ gbogbo, tí fèrè ọkọ̀ di títì, tí títì sì di ẹnu ọ̀nà ilé.

Ọ̀nà kẹta ni bí ẹ̀kọ́ kejì ti ń yá tó. Nínú ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2013, tí Joseph LeDoux wà lára àwọn tí ó ṣe é, àwọn eku tí ó kọ́ ìbẹ̀rù kan náà lọ́nà kan náà pín sí ọ̀wọ́ mẹ́ta nígbà tí ewu kúrò: èyí tí ó pọ̀ jù tètè gbà pé ó ti parí, àwọn kan pẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀ kò sì gbà ní gbogbo àsìkò náà. Eku kò ní ìgbàgbọ́ tí ó kéré tàbí tí ó pọ̀, wọn kì í sì í wá ojú àánú.

Àjogúnbá wà nínú ohun tí ó fa ìyàtọ̀ yìí. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì fi hàn pé nǹkan bí ìdá 30 sí 50 nínú 100 ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àwọn ènìyàn ní ti àìsàn yìí ni ó tan mọ́ ohun tí a jogún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣi nọ́ńbà yìí lò. Kò sọ pé ìdá 30 nínú ìbẹ̀rù tìrẹ ni ìyá rẹ gbé fún ọ. Ìyàtọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń sọ, kì í ṣe ohun tí ó wà nínú ẹnì kan. Kò sì sí jíìnì kan ṣoṣo tí a lè nàka sí. Jerome Kagan, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, rí i pé bí ẹnì kan nínú ọmọ márùn-ún ni ó máa ń ju ọwọ́ ju ẹsẹ̀ tí ó sì ń sunkún ní ọmọ oṣù mẹ́rin bí ó bá rí ohun tuntun, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì sábà máa ń tijú tí wọ́n ń ṣọ́ra bí wọ́n ti ń dàgbà, síbẹ̀ èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í di aláìsàn. Ohun tí ojú ti rí tẹ́lẹ̀, oorun, àìsàn ara, àti ọ̀nà tí àwọn tí ó yí ọmọ ká ń gbà dá sí ìbẹ̀rù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní ipa tirẹ̀.

Ìbẹ̀rù tí a kọ́ tún máa ń ṣèdíwọ́ fún ẹ̀kọ́ mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àgọ́-Ìwòyè lè kàwé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, kí ohun gbogbo sì pòórá. Ìrántí tí a fi ń di ọ̀rọ̀ mú nígbà tí a ń rò ó kéré gan-an. Nelson Cowan ṣírò ní ọdún 2001 pé bí ohun mẹ́rin ni ó lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí "Bí mo bá fìdí rẹmi ńkọ́?" àti "Kí ni màmá mi á sọ?" bá ti gba àyè níbẹ̀, ìbéèrè tí ó wà nínú ìwé ìdánwò kò rí ibi jókòó sí. Nítòsí wa, ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta, Raymond Prince, oníṣègùn ọmọ Kánádà, pàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ráhùn pé orí ń gbóná, pé ojú ń ṣú, pé ohun tí wọ́n ń kà kò yé wọn. Ní ọdún 1960 ó kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì lo orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é, brain fag, ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ. Ó dá ẹ̀bi náà sórí ẹ̀kọ́ òyìnbó tí kò bá àṣà ilẹ̀ wa mu. Àlàyé yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ní ọdún 1952 ni àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Yale ti kọ̀wé nípa ìpayà ìdánwò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà, tí ẹ̀kọ́ òyìnbó kì í ṣe àjèjì sí.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Ọ̀pọ̀ nínú ìwádìí tí mo kà sílẹ̀ lórí ìyàtọ̀ láàárín aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le, ìpíndọ́gba ọ̀wọ́ kan sí ọ̀wọ́ kejì ni ó ń fi wéra. Nínú àwọn tí ara wọn le, àwọn kan wà tí ìbẹ̀rù wọn pẹ́ ju ti aláìsàn lọ. Nínú àwọn aláìsàn náà, àwọn kan wà tí ara wọn tètè balẹ̀. Kò sí àyẹ̀wò òógùn ọwọ́ tàbí àwòrán ọpọlọ tí a lè fi sọ fún ẹnì kan pé ó ní àìsàn náà tàbí kò ní in. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ni ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn ènìyàn wa kò pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ta àyẹ̀wò ọpọlọ fún yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ìlérí pé yóò sọ irú ìbẹ̀rù tí ọmọ yín ní, ẹ má ṣe dá a lóhùn.

Ní ti ìtọ́jú, ohun tí Mary Cover Jones bẹ̀rẹ̀ ni Joseph Wolpe, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, sọ di ìlànà nínú iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1958: kí ènìyàn máa sún mọ́ ohun tí ó ń bẹ̀rù ní ìpele-ìpele. Ìmọ̀ nípa ìrántí méjì ti mú àtúnṣe wá. A kì í dúró dìgbà tí ọkàn bá balẹ̀ pátá. Ohun tí a ń wá ni pé kí ohun tí aláìsàn ń retí má ṣẹlẹ̀, kí ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ẹni tí ó dá a lójú pé òun á dákú bí òun bá jókòó sínú bọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ jókòó sínú èyí tí kò rìn ní gáréèjì, lẹ́yìn náà á wọ̀ ọ́ láti Ìpẹru dé Ìlíṣàn, á tún wọ̀ ọ́ ní alẹ́, ní àkókò òjò, pẹ̀lú awakọ̀ mìíràn, kí ẹ̀kọ́ kejì má bàa rọ̀ mọ́ ibì kan ṣoṣo. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń bá wọ ọkọ̀ nígbà gbogbo lè kọ́ pé kò séwu bí ẹ̀gbọ́n bá wà níbẹ̀, kí ó sì dúró síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí olùrànlọ́wọ́ fi gbọ́dọ̀ máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìjàǹbá ńlá, ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ni kí ó darí rẹ̀, kí ará ilé má fi agbára ti ènìyàn sínú ọkọ̀. Oògùn wà tí oníṣègùn lè kọ, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Valium tí àwọn kan máa ń rà lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì láìsí ìwé oníṣègùn lè di bárakú, ó sì lè dí ẹ̀kọ́ kejì náà lọ́wọ́. Àdúrà kò tako ọ̀kankan nínú èyí. Ohun tí ó ń pa ènìyàn lára ni kí a sọ fún un pé bí ó bá gbàdúrà tó, ẹ̀rù kò ní í bà á.

Ọ̀pọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni kì í fẹ́ kí a rí wọn ní ẹnu ọ̀nà Àrò, nítorí orúkọ tí àwọn ènìyàn á pè wọ́n. Ilé ìwòsàn náà gan-an ni oníṣègùn ọpọlọ Thomas Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1954 sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní abúlé tí ó yí i ká, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, ètò tí gbogbo ayé wá wò. Kò pọn dandan kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó lè lọ bá dókítà ní ilé ìwòsàn yunifásítì tí ó wà ní Ṣágámù tàbí èyí tí ó wà ní Ìlíṣàn, kí ó sọ ìgbà tí ìbẹ̀rù náà bẹ̀rẹ̀, ohun tí ó ń rò pé yóò ṣẹlẹ̀ gan-an, àti ohun tí ó ti dẹ́kun ṣíṣe nítorí rẹ̀. Dókítà lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ wò, nítorí pé àìsàn ẹ̀yà ara kan ní ọrùn, tí wọ́n ń pè ní thyroid, lè mú kí àyà máa já bákan náà. Bí ara bá sì yá tán, tí ìbẹ̀rù tún yọjú lẹ́yìn oṣù mélòó kan níbi tuntun, kí ó kọ ibẹ̀ sílẹ̀, kí ó mú un padà tọ oníṣègùn náà lọ, kí wọ́n sì tún díẹ̀ ṣe nínú ìdánrawò náà níbẹ̀ gan-an.